Orí Òrùlé Wa Kọ́ ni Pápá Ìdánwò

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, bàálù kékeré kan já lulẹ̀ ní Oba Akran, n'Ìkẹjà. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 5N-CCQ. Jabiru J430 ni: ilé-iṣẹ́ kan ní Australia ló ń ta àwọn ẹ̀yà rẹ̀, ẹni tó bá rà á ni yóò tò ó pọ̀. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ kò kú.

Ọ̀rọ̀ méjì la máa ń gbọ́ tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́: kí ìjọba fòfin de bàálù àtọwọ́dá. Èkejì: ẹnikẹ́ni ò ṣáà kú, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mi ò gba ìkankan.

Kéèyàn to bàálù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Air Beetle táwọn ọmọ ogun òfuurufú wa ṣe ní Kaduna, ara RV-6A ni wọ́n ti mú un jáde, ìyẹn bàálù tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà nígbà náà fáwọn tó fẹ́ to tiwọn nílé. Ẹ má fòfin de ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń fò ó ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.

L'Amẹ́ríkà, ẹni tó bá to bàálù tán á kọ́kọ́ fò ó fún wákàtí 25 tàbí 40 láti dán an wò. Òfin sì sọ ibẹ̀: orí omi gbalasa, tàbí ibi téèyàn ò pọ̀ sí. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe, òfin yẹn sì yé mi dáadáa. A kì í dán kóòdù tuntun wò lórí server táwọn oníbàárà ń lò lọ́wọ́. A ní ibi tá a yà sọ́tọ̀, kó lè bàjẹ́ síbẹ̀ láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì kan, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú lókè, kì í já bọ́ bí òkúta. Ńṣe ló máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀, kí awakọ̀ lè wá ilẹ̀ gbalasa bà sí. Ilẹ̀ gbalasa wo ló wà láàárín Ìkẹjà sí Agége? Ilé-iṣẹ́, báńkì, ọjà, títì tí mọ́tò kún fọ́fọ́. Lọ́dún 2020, hẹlikópítà já sáàárín ilé n'Ópẹ̀bì, àwọn mẹ́ta inú rẹ̀ kú. Lọ́dún 2012, bàálù Dana já sórí ilé n'Íjù-Ìshàgá: èèyàn 153 kú nínú rẹ̀, àwọn tó jókòó sílé ara wọn náà kú.

Wọ́n á ní ṣebí pápá ọkọ̀ òfuurufú ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ bàálù ńlá ń gbé èrò, ìlú ò lè ṣe kó máà sí. Ti bàálù àtòpọ̀ ńkọ́? Ta ló ní dandan ni kó gbéra n'Ìkẹjà?

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. L'Amẹ́ríkà kan náà, wọ́n máa ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ inú bàálù àtọwọ́dá: ẹni tó bá wọ̀ ọ́ mọ̀ pé kò tẹ̀ lé òfin ààbò tí bàálù yòókù ń tẹ̀ lé. Ó kà á, ó gbà, ó wọlé. Ta ló ka ìkìlọ̀ náà fún ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà l'Oba Akran? Ta ló bi òṣìṣẹ́ tó ń ti ṣíìfù bọ̀ bóyá ó gbà?

Nítorí náà, kí NCAA kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba: bàálù àtòpọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan kò gbọdọ̀ gbéra tàbí bà n'Ìkẹjà. Kí wọ́n fi tírélà gbé e lọ síbi tí ilẹ̀ ti fẹjú. Ṣebí Zaria àti Ìlọrin làwọn awakọ̀ wa ti ń kọ́ṣẹ́? Ẹni tó lówó ra bàálù lówó tírélà.

"Ẹnikẹ́ni ò kú" kì í ṣe ètò ààbò. A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn.