Alága Ìdúró: Ṣé Obìnrin Nìkan Ni?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Lekki dé Ajah, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní ọjọ́ Sátidé, yóò rí ibi tí òwe yìí ti wúlò. Nínú àwọn gbọ̀ngàn ìnáwó tí ó wà lọ́nà náà, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kì í wọ́n. Ènìyàn méjì ni ó sì máa ń darí rẹ̀. Alága ìdúró ni agbẹnusọ ẹbí ọkọ. Alága ìjókòó ni ti ẹbí ìyàwó. Alága ìjókòó a ní kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọn a nà gbalaja. Alága ìdúró a bẹ̀bẹ̀ fún wọn, a dá orin, wọn a dìde, wọn a sì jó lọ síwájú àwọn òbí ìyàwó. Bí ó bá kan ìyàwó, ohùn alága ni yóò pè é wọlé, òun náà ni yóò sọ ìgbà tí yóò kúnlẹ̀ àti ìgbà tí yóò dìde.

Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ti ń ṣe é. Èyí kò dùn mọ́ àwọn kan nínú. Wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni, pé ọkùnrin tí ó bá ń ṣe é ń ba àṣà jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣàì ní ìdí. Kí ó tó di iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí, àwọn obìnrin ilé ni ó ń ṣe é, nítorí pé wọ́n mọ oríkì ilé, wọ́n sì mọ orin ìyàwó.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tún wo orúkọ náà. Àlejò ní í dúró, onílé ní í jókòó. Ipò ni orúkọ méjèèjì ń sọ. Kò sí èyí tí ó dárúkọ akọ tàbí abo nínú wọn. Kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni èdè Yorùbá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé a máa pe ọmọbìnrin tí ó bá nílé ní ọkọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ ilé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tẹnu mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women, tí ó jáde ní 1997. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìlù ń pàṣẹ fún oníjó nínú agbo dùndún. Ọkùnrin ni ó sábà máa ń gbé e kọ́ èjìká, kò sì sí ẹni tí ó ń fi ìyẹn jà.

Ní Amẹ́ríkà, irú àríyànjiyàn yìí ti wọ agbo ijó tí wọ́n ń pè ní contra. Àwọn oníjó a tò ní ìlà méjì, wọn a kọjú síra, olùpè ijó a sì máa ké ìgbésẹ̀ tí ó kàn fún wọn. Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin ni ó fi ń pè wọ́n. Lóde òní, ọ̀pọ̀ agbo ti fi orúkọ ẹyẹ rọ́pò rẹ̀: lark ni ẹni apá òsì, robin ni ẹni apá ọ̀tún. Ijó kò yí padà. Orúkọ ni ó yí, kí ẹnikẹ́ni lè gba apá tí ó bá mọ̀ ọ́n jó. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ fún ti wà nínú ìdúró àti ìjókòó.

Èyí kò sọ pé kí gbogbo ààlà pa rẹ́. Ọkùnrin ní í dọ̀bálẹ̀, obìnrin ní í kúnlẹ̀. Ìkíni Yorùbá nìyẹn, kò sì sí alága tí ó lè yí i padà. Ohun tí ó yẹ kí ẹbí béèrè lọ́wọ́ alága ni pé: ṣé ó mọ oríkì? Ṣé ó mọ ìgbà ẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà àwàdà? Tàbí owó nìkan ni yóò máa gbà lọ́wọ́ àwọn àna títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Ní Lekki àti Ajah, níbi tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í ti í ṣe Yorùbá, ẹnu alága ni wọ́n ti ń kọ́ àṣà náà. Bí ẹnu náà bá ṣófo, kí ni yóò kù fún ọmọ tí ń wòran?

Bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti kú.