Ẹ Wo Yàrá Kí Ẹ Tó Ra Máìkì

Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ níbi tí a ti ń ya fíìmù ni mò ń ṣe. Èmi ni ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, tí ọ̀pá gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí máìkì wà lórí ọ̀pá, tí hẹ́dífóònù sì bò ó létí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé yóò bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú: máìkì tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń rà kì í ṣe èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ rà, èdè Yorùbá ló sì ń jẹ ìyà àṣìṣe náà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Kámẹ́rà tuntun tí à ń pààrọ̀ lọ́dọọdún ni làpálàpá. Ohùn tí kò já gaara ni ẹ̀tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ara mi wí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí owó kó jọ, Sennheiser MKH 416 ni mo fi rà. Máìkì ilẹ̀ Jámánì ni, ó gùn tó 25 sẹ̀ǹtímítà, ó sì ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti yọ ọ́ nínú àpò, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún mi á máa wò mí bí ọ̀gá. Mo lò ó níta, mo lò ó nínú ilé, mo lò ó nínú ọkọ̀. N kò ní òmíràn, n kò sì rò pé mo nílò òmíràn.

Lọ́jọ́ kan, a ń ya ìran ibi tí ìyàwó ti ń dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, nínú pálọ̀ ńlá kan n'Ìbàdàn. Táìlì ló wà nílẹ̀, ògiri ń dán, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ àga jáde kí kámẹ́rà lè rí àyè rìn. Màmá kan, àgbà òṣèré, ló fẹ́ ki ìyàwó náà. Kò sí ẹni tó kọ oríkì yẹn sínú ìwé fún wọn. Láti ilé bàbá wọn ni wọ́n ti gbé e wá. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó sunkún, kì í ṣe ẹkún eré. Nígbà tí Màmá parí, olùdarí ní a ti rí i gbà, pé kò sí ìdí tí a ó fi da àgbàlagbà láàmú lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n mo ti ń gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù bí pálọ̀ náà ṣe ń dá Màmá lóhùn. Mo sọ ọ́. Ẹni tó ni owó fíìmù ní, “Ẹ̀dítọ̀ á tún un ṣe.” Mo panu mọ́. Mo rò pé ẹni tó bá ti di irú máìkì yẹn mú ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹ̀dítọ̀ kò rí i tún ṣe. Ìró ọ̀rọ̀ kan kò tíì tán nílẹ̀ tí ìkejì fi ń gun orí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n da orin bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí fíìmù jáde, a jọ jókòó wò ó pẹ̀lú Màmá. Nígbà tó dé ibẹ̀, wọ́n na ọrùn síwájú, wọ́n ní, “Ṣé èmi nìyí? Kí ni mò ń wí níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi?” Èmi tí wọ́n bi léèrè ni mo gba ohùn wọn sílẹ̀. N kò rí èsì fọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí máìkì gígùn ń ṣe gan-an. Ẹ wo ara rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ohùn tó bá ti iwájú wọlé á gba inú ọ̀pá lọ tààrà. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, ihò púpọ̀ ni yóò gbà wọlé, kò ní dé inú lásìkò kan náà, apá kan rẹ̀ á sì máa pa apá kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń gbọ́ ẹni tó wà níwájú tí ó sì ń di etí sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Níta gbangba, nínú oko, lẹ́bàá títì, ọgbọ́n yìí dára púpọ̀.

Nínú yàrá, ọgbọ́n náà di àrékérekè. Ohùn òṣèré á lọ kọlu ògiri, á kọlu àjà, á kọlu táìlì, á sì padà wá láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo. Kì í ṣe ariwo àjèjì ló ń ti ẹ̀gbẹ́ wá mọ́, ohùn òṣèré kan náà ni, tó kàn pẹ́ dé díẹ̀. Àwọn ihò wọ̀nyẹn á wá pa ìró kan, wọ́n á fi òmíràn sílẹ̀, láìsí ìlànà tí etí lè mọ̀. Ohun tó kù á dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àgbá.

Àwọn kan yóò ní àwọn ra máìkì gígùn nítorí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò. Òògùn tí kì í ṣe ti àrùn náà ni wọ́n rà. Ìró tó wà nísàlẹ̀ gan-an, bí irú èyí tí jẹnẹrétọ̀ ń hùn, gùn ju ọ̀pá máìkì lọ fíìfíì. Ìró tó bá jẹ́ 100 hertz, ìgbì rẹ̀ kan gùn tó mítà 3.4. Kí ni ọ̀pá 25 sẹ̀ǹtímítà fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe? Ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, máìkì gígùn kò sàn ju kúkúrú tó mọ iwájú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹsẹ̀ ni kó fi rìn lọ bẹ aládùúgbò kí kámẹ́rà tó yí.

Kí ló wá yẹ nínú ilé? Máìkì kúkúrú tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n tí kò ní ọ̀pá oníhò. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ Schoeps CMC 6 tí orí MK 41 wà lórí rẹ̀, wọ́n mọ Sennheiser MKH 50. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ìyẹn, AT4053b tí Audio-Technica ilẹ̀ Japan ṣe wà níbẹ̀, kò wọ́n tó 416 tí à ń fọ́nnu lé lórí. Irú máìkì báwọ̀nyí kò ní kí ìró yàrá má wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọlé, á wọlé bí ó ṣe rí, etí á sì gbà pé yàrá ni à ń gbọ́. Bí ó sì ṣe kúrú, a lè fi í sábẹ́ àjà tó wálẹ̀ kí ó sì súnmọ́ ẹnu òṣèré láìfarahàn nínú àwòrán.

Ìsúnmọ́ yìí ju orúkọ lọ. Bí máìkì bá jìnnà sí ẹnu ní ìlọ́po méjì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ohùn tó ti ẹnu wá tààrà yóò fi nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 dínkù, ṣùgbọ́n ìró tí ògiri ń dá padà kò ní dínkù tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, máìkì olówó pọ́ọ́kú tó wà lókè orí òṣèré yóò borí olówó gọbọi tí wọ́n so mọ́ orí kámẹ́rà lọ́nà jíjìn. Síbẹ̀, ẹni tó ń di ọ̀pá mú ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò nígbà tí owó iṣẹ́ bá dínkù.

Wọ́n lè bi mí pé, ṣé Yorùbá nìkan ni ìró yàrá ń bàjẹ́ ni? Rárá. Ṣùgbọ́n tiwa nìyí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ló ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Bí ohùn ọ̀rọ̀ kan bá ń fà nílẹ̀ tí òmíràn fi dé, àmì ohùn méjèèjì á dà pọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, a lè mọ̀ ọ́n láti inú ohun tí wọ́n ń sọ bọ̀. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú oríkì, nínú ọfọ̀, nínú ẹkún ìyàwó, níbi tí ọ̀rọ̀ tí a kò gbọ́ rí ti ń tẹ̀lé èyí tí a kò gbọ́ rí? Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Bí òwe fúnra rẹ̀ bá sọnù sínú pálọ̀ oní-táìlì, kí la ó fi wá a?

Bẹ́ẹ̀ ohùn ni wọ́n fi kọ́ eré wa. Àwọn alárìnjó kò ní máìkì, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dé etí ẹni tó wà lẹ́yìn. Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ gbé *Ọba Kò So* jáde ní Òṣogbo lọ́dún 1963, ohùn àti ìlù ló gbé eré náà ró. Àwa tí a wá ní ẹ̀rọ lónìí la wá ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Mo mọ àwọn èsì tó ń bọ̀. Èkíní ni pé kí olúkúlùkù òṣèré fi máìkì kékeré há àyà. Mo ní wọn, mo sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sábẹ́ agbádá gíní tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ kí ẹ sì ní kí baálẹ̀ ká apá agbádá sí èjìká. Ẹ ó gbọ́ ìjì. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn á máa gbá a. Aṣọ tó bò ó á sì gé ìró tó mú ṣáṣá kúrò, ìyẹn ni s, ṣ àti f. Nígbà mìíràn, etí fìlà ló sàn kí a fi í pamọ́ sí. Alátìlẹ́yìn rere ni, kò lè rọ́pò máìkì orí ọ̀pá.

Èkejì ni pé kọ̀ǹpútà lè nu ìró yàrá kúrò báyìí. Ó lè dín in kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ iṣẹ́ tó nù ju bó ṣe yẹ lọ: ìparí ọ̀rọ̀ bá ariwo lọ. Òmíràn yóò ní ká pe òṣèré sí sítúdíò kó tún un sọ. Fún “ẹ káàárọ̀”, ó ṣe é ṣe. Fún ohun tó ti inú Màmá jáde lọ́jọ́ yẹn, kò rọrùn.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: pé a ti kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀, èèyàn á rí i kà. Ẹni tó ka Gẹ̀ẹ́sì á mọ ìtàn náà. Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, tó jẹ́ pé fíìmù tí ìyá rẹ̀ ń wò lálaalẹ́ ni ilé ìwé Yorùbá kan ṣoṣo tó ní? Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́n ọn. Àmì ohùn ló wá gbà lọ́dọ̀ wa, a sì ń fún un ní ìró àgbá.

Ní ti owó, n kò sọ pé owó wà. Mo ní kí a tò ó bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó ra lẹ́ǹsì kẹta, ẹ ra máìkì kúkúrú kan. Kí ẹ tó rà á, ẹ sanwó ẹni tí yóò di ọ̀pá mú. Kí ẹ tó sanwó fún ilé tí ẹ fẹ́ lò, ẹ wọ yàrá rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbọ́ bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó dákẹ́. Bí kò bá tètè dákẹ́, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ibi tí kámẹ́rà kò kọjú sí, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ pa fáànù àti fíríìjì. N kò tíì ta 416 mi. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ níta, ọ̀rinrin ìgbà òjò kì í tètè dà á láàmú, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe é nínú. Mi ò kàn gbé e wọ pálọ̀ mọ́.

Mo ti padà lọ bá Màmá nílé wọn. Mo gbé máìkì kúkúrú lọ, mo ta aṣọ sí ògiri mẹ́ta, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún oríkì náà kì. Wọ́n kì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló já gaara. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní ibì kan wà tí àwọn kì lọ́jọ́ ìyàwó yẹn tí àwọn kò rántí mọ́, bóyá ó wà nínú ti àkọ́kọ́. Mo ti wá a nínú ti àkọ́kọ́. Mo mọ ibi tó wà, mo ń gbọ́ pé Màmá ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.