Pàṣán Kì í Kọ́ni ní Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, àwọn kan láàárín wa ń sọ pé kí ìjọba ilẹ̀ Yorùbá náà fi pàṣán lé ọ̀mùtí àti oníṣekúṣe, gẹ́gẹ́ bí Zamfara ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2000, tí ìpínlẹ̀ mọ́kànlá mìíràn ní Òkè-Ọya sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́, ìmáànì rẹ̀ mẹ́hẹ. Àwa kọ̀ ọ́, a sì ń kírun wa.

Ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Ohun tí a ń bèèrè ni pé: iṣẹ́ ta ni, ọlọ́pàá ni tàbí àfáà? Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéú. A ti fi ẹgba kó wọn lọ sí ìdí ìrun rí. Bí a bá wà níbẹ̀, gbogbo wọn a forí kanlẹ̀; bí a bá kẹ̀yìn, a kì í bá ẹyọ kan. Àwọn tí a jókòó tì, tí a ṣàlàyé fún, ni ó ń kírun títí di òní. Ẹgba a máa bí munáfìkí. Kì í bí mùmíní.

Ẹ wo Kánò. Ní ọdún 2013, àwọn Hísbà fọ́ ìgò ọtí tí ó lé ní 200,000. Ní ọdún 2022, wọ́n tún fọ́ èyí tí ó lé ní 3,000,000. Bí òfin bá ti pa ọtí, níbo ni ti ẹ̀ẹ̀kejì ti wá? Owó-orí tí ìjọba àpapọ̀ sì ń gbà lórí ọtí ní Èkó, inú àpò kan náà tí Kánò ti ń gba ìpín ni ó ń bọ́ sí.

Ohun tí ó pa ẹlòmíràn lára ni kí òfin mú: ẹni tí ó mutí yó wa ọkọ̀, ẹni tí ó jí owó ìlú, ẹni tí ó dín òṣùwọ̀n kù, irú àwọn tí Kùrání fi orúkọ wọn sọ odidi Sùúrà kan láti bá wọn wí.

Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá àwọn ọmọbìnrin wa láre lórí híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó. Òmìnira ẹ̀sìn tí ó wà nínú ìwé òfin ni ó gbà wọ́n. Òfin tí ó bá wọ yàrá aládùúgbò wa lónìí, yóò mọ ọ̀nà orí ọmọ wa lọ́la.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ jẹ́ kí a tún ilé-kéú wa ṣe. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.