Ẹ̀rín Kò Lè Dá Òkun Dúró

Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa, láti Òde Mahin títí dé etí òkun, bí ọ̀rọ̀ olórí bá délẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ ń wò ni bóyá ó lójú àánú, bóyá ó ń kí àgbà, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ìwà rere dára. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí a fi ń mọ olórí tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 1954. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí ti pinnu pé gbogbo ọmọ yóò kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bu owó orí tuntun lé aráàlú nítorí rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fárígá. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ọdún náà, ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC na Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, nílé ara rẹ̀. Awólọ́wọ̀ kì í ṣe aláwàdà, ẹni líle ni ọ̀pọ̀ kà á sí. Òṣèlú mìíràn ìbá pa ètò náà tì kí wọ́n lè tún fẹ́ràn rẹ̀. Òun kò yẹsẹ̀. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye akẹ́kọ̀ọ́ sì kúrò ní nǹkan bí 457,000, ó ju 800,000 lọ. Ilẹ̀ Ìlàjẹ wà nínú ẹkùn náà, ọmọ apẹja jẹ àǹfààní rẹ̀. Nínú ìdìbò ẹkùn ní 1956, àwọn olùdìbò dá ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sípò.

Olóyè S. L. Akíntọ́lá ló rọ́pò Awólọ́wọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba ẹkùn náà ní 1959. Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn ún gbọ́ tó tirẹ̀? Òwe, àpárá, ẹwà èdè, gbogbo rẹ̀ ló ní. Àdùn ẹnu yẹn kò gbà á ní 1965, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n jí ìbò àwọn, tí ilẹ̀ Yorùbá sì gbiná.

N kò ní kí olórí máa kanra. Ẹni tó ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn kò ní í rí ẹni sọ òótọ́ fún un. Kí etí rẹ̀ là, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeé gbára lé, kó sì lè fara da ìbínú wa nítorí ohun tí yóò ṣe ọmọ wa láǹfààní.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ayétòrò, ìlú wa létí òkun tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé àti ilé ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀. NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà rẹ̀ fún kọńtírákítọ̀ ní 2004 àti ní 2009, síbẹ̀ òkun kò dẹ́kun. Lónìí, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Obe-Nla, ni Ìlàjẹ àkọ́kọ́ tó jẹ gómìnà Oǹdó. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tọ́. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, òótọ́ ni, àmọ́ kí òwe yìí má di ìdí tí a ó fi dákẹ́.

Kí àwọn baálẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn apẹja máa bi gómìnà ní gbangba: iṣẹ́ ìdènà òkun dé ibo? Bí èsì bá korò, tó sì jẹ́ òótọ́, ẹ gbà á. Bó bá dùn, tí kò síṣẹ́ nídìí rẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́, bí ẹ tilẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́.