Ọ̀sà Kọ́ Ló Jẹbi

Bí ọkọ̀ ojú omi bá dojú dé l'Èkó lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ohùn ti gba orí WhatsApp. Ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ á ní wọ́n ti rí i lójú àlá pé ọ̀sà ń bínú, pé wọn ò ṣètùtù lọ́dún yìí. Òmíràn á ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó gbà pé òun gbọ́n ju àwọn méjèèjì lọ, á mí kanlẹ̀, á ní ọjọ́ wọn ló pé. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wa á tún tò sórí pákó èbúté n'Íkòròdú, à ń wọ irú ọkọ̀ kan náà lórí omi kan náà.

Ó ti sú mi. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn. Ẹni tó fẹ́ ṣètùtù, kó ṣe é. Ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀, kó gbà á. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí a bá ti dárúkọ ọ̀sà tán, a ò ní bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Ta ló yẹ ọkọ̀ yẹn wò kó tó gbéra? Èèyàn mélòó ni wọ́n kó sí i? Kí ló kọ lù nísàlẹ̀ omi? Ọ̀sà ò lẹ́nu tó máa fi rojọ́, òun la wá di gbogbo ẹ̀bi rù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú omi ọ̀hún. Igi wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń gé gẹdú fi ń di igi pọ̀, tí wọ́n ń fi omi wọ́ ọ wá sí ibi ìlagi Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta. Èyí tó bá já kúrò nínú ìdì kì í rì tán, kì í sì í léfòó tán. Abẹ́ omi ló máa ń lúgọ sí, awakọ̀ fáíbà tó ń sáré kò lè rí i. Ewé omi náà wà níbẹ̀. Ọdún 1984 ló kọ́kọ́ wọ orílẹ̀-èdè wa láti ìhà Àgbádárìgì, láti ìgbà náà, tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi òkè á gbé e wá, á dí ojú ọ̀nà, á wé mọ́ abẹ ẹ̀rọ. Yanrìn ńkọ́? Ibi tó pọ̀ jù nínú Ọ̀sà Èkó kò jìn ju mítà mẹ́ta lọ, àfi ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀. Awakọ̀ tó bá yà díẹ̀ lálẹ́, níbi tí kò sí àmì oníná kankan, orí òkìtì yanrìn ló máa bá ara rẹ̀.

Èwo nínú wọn ni ètùtù máa hú? Ẹ̀rọ ní ń fa igi jáde lábẹ́ omi, ẹ̀rọ náà ní ń kó ewé, owó ìlú la sì fi ń rà á.

Nígbà tí bàálù Dana já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá lọ́jọ́ kẹta oṣù Okúdù, ọdún 2012, tí àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú tán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ la béèrè. A ò ní afẹ́fẹ́ ló ń bínú. Ní Senegal, lóṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2002, ọkọ̀ Joola tí wọ́n kàn fún èèyàn bíi 580 kó èyí tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Ó rì, ó lé ní 1,800 èèyàn tó bá a lọ. Àwọn ará Senegal mọ àdúrà gbà dáadáa, síbẹ̀ wọ́n pariwo títí mínísítà méjì fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọkọ̀ Sewol rì ní South Korea lọ́dún 2014, ẹni 304 kú; wọ́n yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ó ju ìlọ́po méjì ohun tí òfin gbà lọ. Kóòtù ni wọ́n ti bá ọ̀gá awakọ̀ náà parí ọ̀rọ̀. Àwa ńkọ́? Lóṣù Okúdù 2023, àwọn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru kú sómi lágbègbè Pàtígì ní Kwara, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ kún àkúnjù, ó sì kọ lu igi. Ẹ tún ń bi mí pé ta ló ṣe é? Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò tó wá ń bá òjò jà, ó kéré tán, òun ṣì mọ̀ pé omi ń wọlé.

Ẹlòmíì á ní ìjọba ò ní gbọ́. Ẹ ti kọ̀wé sí wọn rí? Láti ọdún 2008 ni Èkó ti ní àjọ tirẹ̀, LASWA, tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi. NIWA ti ìjọba àpapọ̀ náà wà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fa àṣẹ omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó dá NIWA láre lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì kí ẹnì kan má baà jù ú sí èkejì. Ẹ má sì kọ “ẹ gbà wá o”. Ẹ kọ ọjọ́, aago, èbúté, nọ́ńbà ara ọkọ̀, iye èrò inú rẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò pákó tó jẹrà sí i. Òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba ní kí iléeṣẹ́ tí ẹ bá kọ̀wé sí dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Ẹ béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà yín kẹ́yìn, kí ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò àwọn ọkọ̀.

Àsìkò tó yẹ ká sọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Lóṣù Ọ̀wàrà 2025 ni ìjọba Èkó ṣí iṣẹ́ Omi Èkó, pẹ̀lú owó 410 mílíọ̀nù yúrò, fún ojú ọ̀nà omi 15, èbúté 25 àti ọkọ̀ oníná mànàmáná tó lé ní 75. Owó ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibo ni danfo máa ti yípo níwájú èbúté náà? Ibo ni ìyá arúgbó máa jókòó sí tí òòrùn bá mú? Bí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ bá di ẹrọ̀fọ̀ lóṣù Okúdù, ta ló máa débẹ̀? Ẹni tó ń gbé Bàyékù tàbí Ìjẹ̀dẹ́ mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń ya àwòrán lọ́fíìsì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti da kọnkéré tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti di àròyé lásán.

Kí ìjọba tó dáhùn, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó bá ti ya, ẹ má gbà á. Tí wọ́n bá kó èrò jù, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn aago méje alẹ́, ẹ gba ilé àbúrò yín lọ sùn.

Ẹ̀yin alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí ẹ ń fi wákàtí méjì jiyàn lórí géètì àdúgbò, ẹ fi èbúté síwájú géètì nípàdé tó ń bọ̀. Kí akọ̀wé kọ lẹ́tà náà, kí ilé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹni méjì gbé e dé ọ́fíìsì àjọ méjèèjì, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ láìgba òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiwọn.