Ẹ Bèèrè Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Omi Kí Ẹ Tó Bọ́ṣọ

Bí Iléyá tàbí Àjíǹde bá ti dé, àwọn ọ̀dọ́ Mùṣin, láti Ojúwòyè dé Ìdí-Àràbà, a dáwó jọ, wọn a háyà bọ́ọ̀sì, ó di etí òkun Ẹlẹ́gùṣì ní Lẹ́kí. Èmi ò bá wọn wí. Ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn há mọ́ lójúlé kan náà láti oṣù dé oṣù yẹ lẹ́ni tó ń wá atẹ́gùn lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹyọ kan lọ: ká gbádùn òkun láti orí yanrìn, ká má wọ inú rẹ̀ níbi tí kò bá sí olùṣọ́ omi. Òkun Èkó kì í ṣe ohun tí àlejò lè fojú lásán díwọ̀n.

Ìgbì tó ń fọ́ létí òkun ń da omi gun yanrìn ni, omi náà sì gbọ́dọ̀ padà. Ojú ọ̀nà tóóró kan ló sábà máa ń gbà, pẹ̀lú eré tó lè ju ti òmùwẹ̀ tó yára jù láyé lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìgbì kì í ti í fọ́ púpọ̀, tí ojú omi fi ń tutù lójú àlejò, òun náà lonítọ̀hún á sì yàn láti wọ̀. Ojú ọ̀run pàápàá kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ìjì tó jà lápá gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún, nígbà òtútù ibẹ̀, a máa rán ìgbì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá bá wa; oòrùn lè máa ràn ní Lẹ́kí kí òkun máa ru. Àárín àwọn oṣù òtútù yẹn ni Iléyá 2024 àti ti 2025 bọ́ sí, oṣù kẹfà ni méjèèjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi ya wọ etí òkun Kúrámò ní Èkó, ó gbé ahéré, ó gbé ènìyàn. Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà o, wọn kò lúwẹ̀ẹ́.

Ẹnìkan á ní òun mọ̀ ọ́n wẹ̀. Níbo ló ti kọ́ ọ? Omi òtẹ́ẹ̀lì kì í fa ènìyàn. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, nítorí òun ló máa ń kọjú ìjà sí omi tó ń fà á títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Omi yẹn kì í fani rì, ó ń gbéni jìnnà ni. Kí ẹni tó bá kó sí i léfòó, kó na ọwọ́ sókè, kó sì wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etíkun, títí yóò fi bọ́. Kí ẹni tó wà lókè ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tàbí okùn sí i, kó má bẹ́ tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn á ní Olókun ló ń gba tirẹ̀. N kò bá ẹlẹ́sìn jiyàn, ṣùgbọ́n apẹja Ìlàjẹ tó bọ̀wọ̀ fún omi ju gbogbo wa lọ kì í tu ọkọ̀ láìkọ́kọ́ wo ìgbì. Ti pé ó yẹ kí àwọn tó ń gbowó lẹ́nu géètì gba olùṣọ́ síṣẹ́, òtítọ́ pátápátá ni. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó bá kó ọmọdé dání ní ibòmíràn lójú ọ̀nà Lẹ́kí kan náà: ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ilẹ̀ hẹ́kítà 78, tó ní afárá orí igi tó gùn tó mítà 401. Ọ̀bọ ibẹ̀ lè já gúgúrú gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì.