Ta Ló Ní Yorùbá Kò Lè Ṣàlàyé Sáyẹ́ǹsì?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti gboyè jáde, ọ̀rọ̀ kan ti sú wa. Ní Ìkọ̀lé níbí, bí a bá ti ní Yorùbá ni à ń kọ́, ohun tí a ó gbọ́ ni pé: "Ṣé Yorùbá lè ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dáhùn.

Ẹ̀dá kan wà tó ń jẹ́ Bacillaria. Inú òkun àti omi oníyọ̀ bí ọ̀sà Èkó ló ń gbé. Ojú lásán kò lè rí i, àfi máíkírósíkóòpù. Agbo ni wọ́n ń gbé, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi ìṣáná. Wọn kò nírù, wọn kò lẹ́sẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn? Ìlà tóóró kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibẹ̀ ni omi tó ń yọ̀ bí ilá ti ń jáde. Òun ni wọ́n fi ń yọ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí á sún síwájú, èkejì á ta á yọ, títí gbogbo agbo á fi nà gbọọrọ. Wọ́n á tún sún padà, wọ́n á kó jọ. Síbẹ̀, wọn kì í jára wọn sílẹ̀.

Èwo ló ṣòro níbẹ̀? Ẹni tó bá ti fi ilá jẹyán rí ti lóye rẹ̀. Ẹ ní orúkọ rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá? Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì náà, Látìn ni.

Otto Friedrich Müller, ará Denmark, ló ròyìn ẹ̀dá yìí ní 1783. Látìn ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà náà, ṣùgbọ́n èdè ìlú rẹ̀ ló fi kọ ìròyìn náà.

Àwa ńkọ́? Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ní 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní òun ló ń fa ìjákulẹ̀ nínú ìdánwò. Ìdánwò tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe!

Èdè wa tó o sọ. Àwọn tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni kò tó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ọyẹ́, ẹ gbé ìmọ̀ yín wá, àwa náà á gbé èdè wa wá. Ẹ sún síwájú, a ó ta yín yọ. A kò sì ní jára wa sílẹ̀.